Mo kan pẹpẹ ìwé fúnra mi. Ẹ̀yin òbí, ìgbà wo lẹ ń ráyè?

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí, kí n sì tó ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ti ṣú. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kan pẹpẹ ìwé fáwọn ìbejì mi. Àjákù pákó ni mo rà ní ọjà Dei-Dei l'Ábújá níbí, mo fi sáńpépà ha á títí apá fi ń ro mí. Ó dagun díẹ̀ sápá òsì (mo ti ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan). Bàbá wọn ní káfíńtà ìbá ti parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òótọ́ ni! Ṣùgbọ́n gbogbo àlejò ni Táíwò ń fà lọ síbẹ̀: "Màámi ló kàn án." Orí mi wú. Ṣé èmi nìkan ni?

Bàbá Àdùkẹ́, Gwarinpa:
Ẹ̀yin nìkan kọ́ mà. Ẹ yọ páálí yẹn o, tí òjò bá dé, ọ̀rinrin á jẹ ẹ́. Pákó pẹlẹbẹ ni kí ẹ kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kí ẹ sì so pẹpẹ náà mọ́ ògiri, ọmọdé lè gùn ún kó wó lù ú.

Màmá Bọ́lá, Nyanya:
Èmi ò lè kan ìṣó ní tèmi. Ògbólógbòó kọ́tìnnì ni mo fi rán ìrọ̀rí lẹ́yìn táwọn ọmọ sùn. Wọ́n mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù parí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ ṣé, sà. Kẹ́hìndé ti gùn ún lánàá ná! A ti so ó mọ́ ògiri. Bàbá wọn ló bá mi dì í mú.