Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí èsín yìí o

Bọ́sẹ̀, Leeds
Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin mi rèé níbí. Ọdún méjì àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Láti èṣí, bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ, wàhálà dé. Mo lè sín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó wọ bàtà tán. Ojú ń yún mi bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ ata nu ojú, imú ń ṣomi, àjà ẹnu pàápàá ń yún mi, ibi tí èékánná ò lè dé. Mo pè é ní ọ̀fìnkìn, mo ń fi ọbẹ̀ ata gbígbóná lé e. Màámi ní ilé òyìnbó ló tutù jù, pé kí n máa sá ìrọ̀rí àti aṣọ ibùsùn sóòrùn. Mo ń sá wọn o. Ńṣe ló tún le sí i.

Àǹtí Dúpẹ́ (nọ́ọ̀sì), Birmingham
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀fìnkìn, hay fever ni. Ọ̀fìnkìn á ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó, pollen, ni ara rẹ ń bá jà bí ẹni ń bá olè jà. Ti igi ló ń kọ́kọ́ dé, láti ìparí oṣù kẹta. Ti koríko, tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù karùn-ún títí wọ oṣù keje. Kò sì yà mí lẹ́nu pé kò mú ọ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ara tó kọ ohun tí kò rí rí.

Ìrọ̀rí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nílé, oòrùn la fi ń lé ìdun. Níbí, ní oṣù kẹfà, koríko gbogbo àdúgbò ń tú lẹ́búlẹ́bú sáfẹ́fẹ́, ìrọ̀rí rẹ sì ń gbà á. Tílẹ̀ bá ṣú, o gbé imú lé e di àárọ̀. Inú ilé ni kí o máa sá aṣọ sí. Ti fèrèsé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìgbà tó máa ń pọ̀ jù nìyẹn.

Bùọ̀dá Wọlé, Manchester
Ìrọ̀rí kẹ̀! Ọdún mẹ́ta nìyàwó mi ti ń sọ ọ́, mo ní àṣejù ni. Mo tọrọ àforíjì níbí, ẹ má jẹ́ kó rí i.

Èmi, bí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, n kì í jókòó sórí ibùsùn. Màá bọ́ aṣọ, màá wẹ̀, màá fọ orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dirun, ẹ fi nǹkan bò ó kẹ́ ẹ tó jáde. Mo tún máa ń fi Vaseline díẹ̀ pa etí ihò imú, kó lè mú lẹ́búlẹ́bú náà dúró síta. Ẹlòmíì ni mo sì ń sanwó fún láti gé koríko ẹ̀yìnkùlé. Ìjẹ̀ṣà tó ń sanwó fún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, ẹ wo bó ṣe le tó!

Ìlú wa níbí náà ni dókítà Charles Blackley ti fi ara rẹ̀ dán an wò, tó kọ ọ́ síwèé ní 1873 pé pollen ló ń fà á. Ẹ ò rí i pé wàhálà Manchester ti pẹ́.

Bọ́sẹ̀
😂 Oògùn ńkọ́? Mo lo chlorphenamine tí a mọ̀ láti ilé, oorun kùn mí, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé dé òpin ọ̀nà.

Àǹtí Dúpẹ́
Béèrè cetirizine tàbí loratadine ní kẹ́mísì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Wọn kì í sábà kunni lóorun tó tìyẹn. Má torí páálí aláràbarà náwó. Orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ ni kí o kà, èyí tó pọ́ọ́kú ń ṣiṣẹ́ kan náà. Bó o bá lóyún tàbí tó o ń lo oògùn mìíì, sọ fún wọn kó o tó rà á.

Oògùn tí a ń fín sí imú tún wà. Èyí kì í ṣe ohun à ń fín lẹ́ẹ̀kan nígbà tí imú bá dí. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àkókò, máa lò ó lójoojúmọ́. Fi ọwọ́ ọ̀tún fín in sí ihò òsì, fi ọwọ́ òsì fín in sí ti ọ̀tún, kí ẹnu ìgò kọjú sí etí, kó má kọjú sí àárín imú. Má fà á símú tagbáratagbára. Tó o bá tọ́ ọ wò lọ́nà ọ̀fun, o ti fà á jù.

Bí àyà bá ń há ọ, tí èémí ń dún fíìfíì, fi wá sílẹ̀ níbí, kí o wá dókítà kíá.

Sísí Mojí, Iléṣà
Èmi tí mo wà nílé kàn ń kà á ni. Ó jọ tiwa nígbà ọyẹ́. Tí eruku bá gba gbogbo ọjà Atákúnmọ́sà, ìyá wa kì í jẹ́ ká fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbálẹ̀. Àkísà tútù la fi ń nu orí tábìlì àti ojú fèrèsé.

Àǹtí Dúpẹ́
Mojí, o ṣeun! Bọ́sẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó gbẹ ń dá eruku padà sáfẹ́fẹ́ ni.

Bọ́sẹ̀
Mo ti kó ìrọ̀rí wọlé, mo ti fọ àpò wọn. Mo pe Màámi láti ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀rí tí kò róòrùn, ìdun ló ń bí.