Ilẹ̀ wo là ń sọ? Lórí ọ̀rọ̀ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe, ẹ kú ìjíròrò. Mo kí yín láti Bódìjà, n'Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, yàtọ̀ sí oòrùn tiwa, àti bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ ojú ilẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "ayé àjèjì" ló dáa jù. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ayé tí Yorùbá ń wí kì í ṣe òkúta rogodo lásán. Ó ní èèyàn nínú, ó ní ọjà, ó ní ìlara. Ẹ pè é ní ayé fún ọmọ Mọ́kọ́lá, kílẹ̀ tó mọ́ á ti máa bèèrè físà ibẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó dábàá "pílánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi" ni mo wà. Àbúrò kan ta kò ó pé ta ló mọ odi yí oòrùn ká? Kò sẹ́ni tó mọ ọ́n. Odi Ìbíkúnlé tó yí Ìbàdàn ká náà ti wó tipẹ́, síbẹ̀ a ò yéé pe àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ́nù ní ará ẹ̀yìn odi.

"Ojú ilẹ̀" gan-an nìjà wà. Wọ́n ní ká máa lò ó fún gbogbo wọn. Háà! Pílánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi 51 Pegasi b, tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Michel Mayor àti Didier Queloz kéde lọ́dún 1995, tó sì mú wọn gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, gáàsì ni. Ilẹ̀ wo ló ní? Àgùàlà (Venus) tiwa níbí, tí Yorùbá ti ní kì í ṣe ajá oṣù, ó nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìkùukùu bò ó. Orí ìkùukùu yẹn lojú wa ń rí. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 460 dígírì Celsius.

Ẹ wá wo pílánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi mìíràn, LHS 3844 b, tí ọdún kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 11 péré. Awò awọ̀nàjíjìn Spitzer ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Kò sẹ́ni tó fojú rí ilẹ̀ náà o. Ooru ìràwọ̀ àti ti pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀n pọ̀. Tí pílánẹ́ẹ̀tì bá ti kó sẹ́yìn ìràwọ̀, iye yẹn á já wálẹ̀ díẹ̀, ohun tó sì já yẹn ni ìpín tirẹ̀. Ìhà tó kọjú sí ìràwọ̀ nígbà gbogbo gbóná tó nǹkan bí 770 dígírì. Ìhà kejì tutù débi pé wọn ò rí ooru kankan wọ̀n níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó nípọn bá wà níbẹ̀ ni, ì bá ti gbé lára ooru náà dé ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára rẹ̀ kéré, ó jọ ti òkúta dúdú tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde. Èyí ni mo lè pè ní ojú ilẹ̀ láìtijú. Pílánẹ́ẹ̀tì TRAPPIST-1b, tí èsì awò awọ̀nàjíjìn Webb lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, náà jọ bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tí gáàsì tàbí ìkùukùu bò, mo dábàá "ojú òde", kí òǹkàwé má lọ rò pé a ti débi tí a ò dé.

"Agbègbè tó ṣeé gbé" ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jù ú nù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ kò ju pé ibẹ̀ ò jìnnà jù sí ìràwọ̀, kò sì sún mọ́ ọn jù, tí omi fi lè ṣàn bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. "Sàkáání omi" tó o.

"Ìhà ọ̀sán" àti "ìhà òru" tí ẹ fẹnu kò sí fún àwọn tó ń kọ ojú kan ṣoṣo sí ìràwọ̀ wọn, mo gbà á. Ó ku afẹ́fẹ́. Èyí tó ń fẹ́ àti èyí tó kàn bo pílánẹ́ẹ̀tì bí aṣọ, orúkọ kan náà là ń pè wọ́n, ìdí nìyẹn tí gbólóhùn mi lókè yìí nípa afẹ́fẹ́ tó nípọn fi ṣòro kọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju "afẹ́fẹ́ àyíká" lọ, kó mú un wá.