Mo fẹ́ máa gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ẹ̀tọ́ wọn

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ni mí nílé-iṣẹ́ kan l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ọ̀gá fún un lówó ọkọ̀ àti agolo mílíìkì kan, ó ní kó lọ sinmi. Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ fi irú ìmọ̀ràn yìí ṣe iṣẹ́ jẹ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dá Lafẹ́nwá:
Àbúrò, kọ́kọ́ ka òfin 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́. NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú owó náà, ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń dáwó sí i, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí. Kó kọ ọ́ sínú ìwé o! Ẹnu lásán ló ń kó bá wọn.

Ìyá Ìbejì:
Kọ́ ti owó ìfẹ̀yìntì náà. Ìgbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé lẹ́yìn oṣù 4 láìríṣẹ́, mo lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Obìnrin kan ní Kútọ̀ ló là mí lọ́yẹ.

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó fara pa. Mo ti ń mú bírò àti ìwé lọ sílé ẹ̀.