Ìwé ìfẹ́ ìgbà ooru: kí lẹ máa ń wò lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fowó rà á?

Àjíkẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹkàwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìfẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń kó jáde láti oṣù karùn-ún lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni mo bá wá, àwọn tí wọ́n máa ń ya òkun, agboòrùn aláràbarà àti ọkùnrin kan tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sára èèpo wọn. Mẹ́ta ni mo fẹ́ mú dání fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Mills and Boon ló mọ́ mi lára. Àwọn wọ̀nyí nípọn jù ú lọ, owó wọn sì ga jù ú lọ. Ohun tó ń sú mi ni pé ojú ewé 50 àkọ́kọ́ á máa pa mí lẹ́rìn-ín, tó bá wá di àárín, ìtàn náà á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Wọn ò jà, wọn ò rẹ́, wọ́n kàn ń mu wáìnì.

Báwo lẹ ṣe ń dá èyí tó máa dùn dópin mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ bí ọ̀rọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Màmá mi máa gbà á tí mo bá kà á tán, mi ò fẹ́ wàhálà. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ owó náà, bóyá ó tọ́ kéèyàn rà á ní tuntun.

Alákàwé

Àǹtí Àjíkẹ́, ìbéèrè yín dáa. Gígùn ìwé ni ká kọ́kọ́ wò. Ìwé Mills and Boon Modern kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 50,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ìwé ìgbà ooru tó dá dúró sábà máa ń wà láàárín 80,000 sí 100,000, ìyẹn nǹkan bí ojú ewé 320 sí 400. Òǹkọ̀wé mìíràn ní ìtàn 50,000 ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ilé ìtẹ̀wé ní kó mú 90,000 wá. Ọ̀rẹ́ aláwàdà, ìyá tó ń pe fóònù ṣáá àti àjọ̀dún abúlé ni wọ́n máa ń kó dí àlàfo yẹn. Ibẹ̀ lẹ ti ń rí àárín tó rọ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n á jọ wà níparí. Òfin ọjà náà ni, bí wọn ò bá jọ wà, wọn ò ní tà á ní ìwé ìfẹ́. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ la torí ẹ̀ ń ṣí ojú ewé. Nínú ìwé ìgbà ooru, ohun tó yẹ kó máa lé wọn ni ọjọ́ tí ìgbà ooru ọ̀hún máa parí. Ti Amẹ́ríkà máa ń dúró lé ọjọ́ méjì: Memorial Day, tó jẹ́ Mọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù karùn-ún, àti Labor Day, Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì ni ìlú etí òkun ń kún. Tí Labor Day bá ti kọjá, onílé á tilé, ilé oúnjẹ á palẹ̀ mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé abọ́ oúnjẹ á padà sí yunifásítì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí iléèwé fi ń gba ìsinmi, láti apá ìparí oṣù keje dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tàbí kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ní Gíríìsì tàbí Sípéènì.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì yìí. Obìnrin kan wá ta ilé tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ létí adágún. Oníbàárà ti wà ńlẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni wọ́n máa fọwọ́ síwèé. Ọkùnrin kan ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó wà lórí ilẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ta ilé, ibi tó ti ń jẹun bọ́ nìyẹn. Gbogbo àlẹ́ tí wọ́n bá jọ rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kan ti dín, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Nínú ìwé kejì, obìnrin kan tí àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀ ní London lọ ‘wá ara rẹ̀ rí’ ní erékùṣù kan. Kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, owó kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé. Èyí á ti rọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ojú ewé 120.

Nítorí náà, ẹ gba sáńpù ọ̀fẹ́ lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti Amazon, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwé náà ni wọ́n máa ń fúnni. Láàárín ìyẹn, ó yẹ kí àwọn méjèèjì ti pàdé, kí ọjọ́ ìparí ti hàn, kẹ́ ẹ sì ti mọ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá sọnù, ẹ ṣì lè fara dà á. Tí méjì bá sọnù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ wà, ẹ ṣí i sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń já ara wọn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí ìjà yẹn bá jẹ́ irú èyí tí ìpè fóònù kan ṣoṣo lè parí, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Mọ́remí

Ẹ̀gbọ́n Alákàwé, lórí ìjà ojú ewé 300 yẹn, ọwọ́ mi ọwọ́ yín. Àmọ́ ti ọjọ́ ìparí, mi ò gbà fún yín pátápátá. Ìwé tí wọ́n to kàlẹ́ńdà rẹ̀ dáadáa wà rẹpẹtẹ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì ò ní iyọ̀ kankan. Ìfẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, orí ọ̀rọ̀ ẹnu ló dúró lé. Ẹ wá ojú ewé méjì tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ bo ‘ó ní’ àti orúkọ. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìwo orúkọ, ìwé yẹn á gbé yín dópin, kódà kí ìgbà ooru rẹ̀ má parí láéláé. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jẹ́ pé obìnrin ń sọ tiẹ̀ ní orí kan, ọkùnrin ń sọ tiẹ̀ ní èkejì, tó sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ sókè orí nìkan ni ìyàtọ̀.

Ti màmá yín: ẹ má fi èèpo ṣe òdiwọ̀n rárá. Nígbà kan, tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ọkùnrin aláìwẹ̀wù, ẹ ti mọ ohun tó wà ńlé. Ní báyìí, àwòrán ọlọ́dà ni gbogbo wọn, ó jọ ìwé ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lójú ewé 210 ò ṣeé kà sókè. Àwọn òǹkàwé máa ń kọ ‘closed door’ sórí èyí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa sóde, àti ‘open door’ sórí èyí tí wọn ò tì. Àwọn mìíràn ń fi ata díwọ̀n rẹ̀, láti ata kan dé márùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí àjọ kan tó ń ṣètò rẹ̀: ata méjì ẹnì kan, ata mẹ́rin ni lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ ka ti èèyàn mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá wọ́n fẹnu kò.

Ibi tó rọrùn jù ni StoryGraph, ìkànnì àwọn òǹkàwé tí Nadia Odunayo dá sílẹ̀. Àwọn òǹkàwé fúnra wọn ló ń kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀: ìbálòpọ̀, ikú òbí, ìṣẹ́nú, ọtí àmujù. Ó tún ń fi hàn bóyá ìtàn náà ń yára àbí ó ń wọ́, ìyẹn sì kan ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Ẹ má fojú fo ti ikú òbí o. Ọ̀pọ̀ ìwé aláwọ̀ òféfèé yìí ló jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ló gbé obìnrin náà wá sétí òkun.

Oníláíbìrì

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ owó. Tẹ́ ẹ bá wà ní UK, ẹ má ra mẹ́ta ní tuntun. Ẹ fi káàdì láíbìrì yín wọ Libby tàbí BorrowBox, áàpù tí wọ́n fi ń yá ìwé láíbìrì lọ́fẹ̀ẹ́, èyíkéyìí tí kánsù yín bá ń lò. Àṣìṣe táwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé oṣù keje ni wọ́n ń rántí. Ìlà ti gùn nígbà yẹn, torí pé iye ẹ̀dà tí láíbìrì gba àṣẹ fún níye, ẹnì kan ló sì ń lo ẹ̀dà kan lẹ́ẹ̀kan. Oṣù kẹrin ni kẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Tó bá kàn yín lórí Libby, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní láti gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Tí ọjọ́ ìrìn àjò ò bá tíì tó, ẹ ní kí wọ́n mú un wá tó bá yá. Wọn ò ní lé yín kúrò lórí ìlà. Ẹ sì wà á sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ohun kan tó ń bí ọ̀pọ̀ nínú: ìwé Libby láti láíbìrì Amẹ́ríkà ṣeé fi ránṣẹ́ sí Kindle, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ṣeé ṣe. Kobo, ẹ̀rọ ìkàwé mìíràn, ló ń gba ti ibí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó máa ṣọ́ Kindle, ọ̀pọ̀ ìwé ọdún tó kọjá máa ń já sí 99p fúngbà díẹ̀. Àti láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2020, kò sí VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lórí ìwé orí ẹ̀rọ mọ́.

Létí òkun ńkọ́? Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé eléèpo rírọ̀ (paperback), kì í ṣe òwú ni wọ́n fi rán an. Ooru máa ń jẹ́ kó rọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá dojú ìwé délẹ̀ ní ṣíṣí lórí yanrìn, ẹ̀yìn á là, ewé á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá láti àárín. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ìpara òòrùn náà á jẹ́ kí ewé rí rederede, àbàwọ́n náà kò sì ní kúrò mọ́. Ní ti fóònù, Apple sọ pé àyíká tí iPhone ti ń ṣiṣẹ́ kò yẹ kó gbóná ju 35°C lọ. Tó bá gbóná jù á ṣókùnkùn, á sì kọ̀ láti gba iná. Kindle Paperwhite láti ti 2018 ṣeé kà kedere nínú òòrùn, ó sì lè wà nínú omi tí kò níyọ̀ tó jìn ní mítà 2 fún wákàtí kan. Omi òkun yàtọ̀: ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ má sì ki wáyà bọ̀ ọ́ títí ihò rẹ̀ á fi gbẹ.

Àjíkẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ọwọ́ yín ò ní di. Mọ́remí, ti ọ̀fọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn tí wọ́n kọ nípa Gíríìsì àti Cornwall, etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀nyí, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń kọ nípa ibẹ̀ àbí káàdì ìkíni ni wọ́n ń wò kọ ọ́?

Ọmọ Tíṣà

Ó dọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ohun mẹ́ta ló ń tú àṣírí wọn.

Àkọ́kọ́, físà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí ní àgbègbè Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó pa ibodè wọn pọ̀, tí Gíríìsì wà lára wọn, láìgba físà, ìyẹn ò sì fún un láṣẹ láti ṣòwò. Ìwé wà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí ọmọ Manchester kan á dé Gíríìsì lóṣù kẹrin, á ṣí ilé kọfí lóṣù karùn-ún, á sì ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tuntun, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé. Àwa tá a mọ ohun tí físà ń fojú èèyàn rí, ó ṣòro fún wa láti gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 90 yẹn gan-an ni ọjọ́ ìparí tí Ẹ̀gbọ́n Alákàwé ń wí. Òǹkọ̀wé tó mọ̀ ọ́n ti rí nǹkan tó lè lé ìtàn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ni omi. Òkun Cornwall máa ń wà ní nǹkan bí 12°C lóṣù karùn-ún, nǹkan bí 17°C ló sì ń dé lóṣù kẹjọ tó móoru jù. Tí wọ́n bá ní àwọn méjèèjì lúwẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan lóru oṣù karùn-ún láìwọ aṣọ, ìfẹ́ kọ́ ló ń gbọ̀n wọ́n. Ẹ tún wo òòrùn: ní ìparí oṣù kẹfà, ó máa ń kọjá aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ kó tó wọ̀ níbẹ̀. ‘Ìràwọ̀ yọ ní aago mẹ́jọ’ ò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilé búrẹ́dì, tó jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù nínú ìwé wọ̀nyí. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì fún títà láàárọ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nídìí ààrò ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Tí obìnrin náà bá ń jókòó ti wáìnì dọ̀gànjọ́ lójoojúmọ́, tí kò sì ní òṣìṣẹ́ kankan, ta ló ń po ìyẹ̀fun?

Mọ́remí

Ta ló ń po ìyẹ̀fun, mo kú o! Àmọ́ Ọmọ Tíṣà, bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá dùn, mo ṣe tán láti jẹ búrẹ́dì tẹ́nikẹ́ni ò pò.

Alákàwé

Mọ́remí, ọ̀rọ̀ ẹ nìyẹn, wàá gbà nígbà tó bá yá. Àǹtí Àjíkẹ́, tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà jẹ́ ti ilé, ẹ wo Ankara Press, ẹ̀ka ìwé ìfẹ́ tí Cassava Republic ṣí lọ́dún 2014. A ò ní ìgbà ooru irú tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ẹ̀ ní Èkó, oṣù Kejìlá ni kó mú: àwọn ará òkè òkun dé, òde ìgbéyàwó kún, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà ti wà ńlẹ̀ fún oṣù kìíní. Ti màmá yín wá rọrùn. Àkójọ ìtàn kéékèèké tí Ankara Press gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún Ọjọ́ Olólùfẹ́ ọdún 2015, wọ́n túmọ̀ àwọn ìtàn inú rẹ̀ sí èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹ wá a, kẹ́ ẹ tẹ ti Yorùbá sórí ìwé fún wọn ní lẹ́tà ńlá.