Ella Baker kì í ṣe aṣáájú: kí ni ká máa pe organizer?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka àbá mẹ́ta tí ẹ mú wá lórí ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà, organizer, ìyẹn ẹni tó ń kó àwọn aráàlú jọ kí wọ́n lè fúnra wọn jà fún ẹ̀tọ́ wọn, tó há wa lọ́nà ọ̀fun nínú ìtàn Ella Baker tí a ń túmọ̀ fún àwọn ọmọdé: aṣáájú, alákòóso, aṣètò. Ẹ má bínú, mi ò lè fọwọ́ sí ọ̀kankan. Ẹ̀gbọ́n wa tó mú aṣáájú wá ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣebí ìyá náà wà níwájú nínú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ìyá yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fà nìyẹn, pé ìjà tí a bá so kọ́ ọrùn ẹnì kan, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ṣubú ni ìjà náà máa ṣubú.

Ẹ wo ìtàn ìyá náà. Ọdún 1958 ni wọ́n kó lọ sí Atlanta láti lọ dá ọ́fíìsì SCLC sílẹ̀, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí Martin Luther King jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Àwọn ló ń kọ lẹ́tà, àwọn ló ń pe àwọn ẹ̀ka. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ní kí ìyá wa darí ọ́fíìsì náà, adelé ni wọ́n fi wọ́n ṣe, torí pé pásítọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, obìnrin sì ni ìyá wa. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, láàárín 1943 sí 1946, àwọn ni olùdarí gbogbo ẹ̀ka NAACP, ẹgbẹ́ ńlá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ kiri àwọn ìlú Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń sùn sílé onílé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe lè máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka wọn. Rosa Parks wà lára àwọn tó lọ sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì Montgomery tó ṣẹlẹ̀ ní 1955, nígbà tí Parks kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni 1960. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú mẹ́rin jókòó síbi oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun nínú ilé ìtajà Woolworth ní Greensboro, wọn ò dìde. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ràn ká gbogbo Gúúsù. Miss Baker gba ẹgbẹ̀rin dọ́là lọ́wọ́ SCLC, wọ́n pe àwọn ọmọ náà jọ nígbà Àjíǹde sí Yunifásítì Shaw ní Raleigh, níbi tí Miss Baker fúnra wọn ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1927. Àwọn àgbà fẹ́ kí àwọn ọmọ náà wá di ẹ̀ka ọ̀dọ́ SCLC. Ìyá wa ní rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Bí SNCC (Student Nonviolent Coordinating Committee), ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

(Àbúrò wa tó túmọ̀ ojú ìwé kìíní kọ «ó» fún ìyá yìí. Àwọn ọmọ SNCC tí wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ gan-an, Miss Baker ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, «wọ́n» ni kẹ́ ẹ kọ, kódà bó bá máa da ẹyọ àti ọ̀pọ̀ rú díẹ̀.)

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan náà, Bob Moses, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ ìṣirò láti New York, ń rìnrìn àjò lọ sí Mississippi. Orúkọ àwọn tí Miss Baker ti mọ̀ níbẹ̀ látẹ̀yìnwá ni wọ́n kọ fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ Amzie Moore, ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní ìlú Cleveland níbẹ̀. Moore ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀dọ̀ Òyìnbó kọ́ ló ń dun àwọn, ẹ̀tọ́ láti dìbò ni. Ìbò náà ni àwọn ọmọ SNCC sì dojú kọ. Irú iṣẹ́ wo la fẹ́ pe èyí? Aṣètò kọ́. Létí tèmi, aṣètò ni ẹni tó ń bá wa wá kánópì àti àga lọ́jọ́ ìnáwó. Alákòóso burú ju ìyẹn lọ, ìjọba ló ń rùn. Ẹnìkan sì dá agbẹnusọ lábàá lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tú u wò: ẹni tó gba ẹnu ẹni, tó fi sọ̀rọ̀. Miss Baker kì í gba ẹnu ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó mọ̀ wọ́n fi ọ̀rọ̀ Swahili kan pè wọ́n, Fundi: oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ dénú, tó sì ń fi iṣẹ́ náà kọ́ ẹlòmíì. Èyí ló jẹ́ kí n ronú kan ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ-iṣẹ́ bá ń ṣe fírídọ́ọ̀mù, á kúnlẹ̀, àǹtí mi á gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, wọ́n á gbàdúrà, ìrẹsì àti mínírà á tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún lè rán an lọ ra òwú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àwa tí a yá ọ̀rọ̀ freedom lọ́wọ́ Òyìnbó, ọjọ́ tí ọ̀gá bá jọ̀wọ́ ọmọ-iṣẹ́ la fi sọ. Àmọ́ mo mọ ọ̀gá kan ládùúgbò yẹn tó dá ọmọ dúró fún oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí àdéhùn ti pé, torí ọmọ náà ló mọ bùbá gé jù. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pe òun náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè mú ọ̀gá.

Gbólóhùn Miss Baker tó gbajúmọ̀ jù, ẹ ti túmọ̀ rẹ̀ báyìí: «Àwọn alágbára kò nílò aṣáájú alágbára.» Bí ìjàkadì ló rí. Èmi á kọ ọ́ pé: «Ẹni tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kì í wá ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n.»

Àbá tèmi ni agbéniró. Mo kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti jẹ́ kó mọ́ wa lẹ́nu, kí n kọ akọ́nimọ̀ọ́jà, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé kàrátè là ń sọ. Àǹtí wa tó wà ní London ní agbéniró dà bí ẹni tó ń pín ìrẹsì fún opó. Òótọ́ ni, ó ní òórùn ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí a gbé ró, orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ náà ló dúró lé. Mo lè gba bẹ́ẹ̀.

Ó ku coordinating tó wà nínú orúkọ SNCC. Ìgbìmọ̀ Alákòóso ni ẹ kọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ náà kò fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wọn máa jọba lé àwọn ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan lórí. Mo gbìyànjú asonipọ̀, ó dà bí okùn ewúrẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kó ojú ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ayàwòrán.