"Ìgbàyè" kò lè jẹ́ orúkọ ìwòsàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún hypnotherapy, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ mú ọkàn aláìsàn dúró sójú kan kó lè gba àbá ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n wa láti Súrùlérè ní kí á máa pè é ní "ìwòsàn ìgbàyè", kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà fún aláìsàn sì máa jẹ́ "ọfọ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ lọ sí ọjà Bálógun, kí ẹ sọ fún ìyá aláṣọ kan pé ẹ fẹ́ gba iyè ọmọ rẹ̀ kó lè yéé bẹ̀rù ìdánwò. Wọn á ti pariwo gbájúẹ̀ lé yín lórí kí ẹ tó sọ ọ́ tán. Iyè tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ èèyàn l'Ékòó, owó ló máa ń bá a lọ! Ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú yìí, iyè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́, ó lè kọ̀, ó lè dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí á pè é ní "ìfoorunwòsàn", tiyín ní bàbá ìsàlẹ̀. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń gbé Manchester, ló fi oorun (hypnos lédè Gíríìkì) sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ rí i pé oorun kọ́. Ní 1847 ó dábàá monoideism, èrò kan ṣoṣo tó gba gbogbo ọkàn, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́ ti ràn. Àwa tí a kò tíì sọ tiwa lórúkọ, kí ló kàn wá pẹ̀lú ogún yẹn? A kúkú máa ń sọ pé kí èèyàn "fọkàn sójú kan". Ìwòsàn ìfọkànsójúkan ni mo dábàá. Ó gùn, mo mọ̀.

Ọfọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ọfọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń kà fún aláìsàn, yíyí ni wọ́n ń yí i bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ṣe rí. Àgbàlagbà tí inú ń dà láàmú lè gbọ́ nípa odò tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò ní jókòó ti ìyẹn. Wọ́n á gé tọmọdé kúrú, ojú rẹ̀ lè là sílẹ̀, òun náà ni yóò sì yan ohun tí ìtàn dá lé, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ìkòròdú. Ọ̀dọ́langba tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Kí á pe ọ̀rọ̀ kíkà náà ní "àkàfúnni", ó tó mi. Gbólóhùn ìwòsàn inú rẹ̀ kì í ṣe "àṣẹ" bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́, "àbá" ni, torí ẹni tí wọ́n dá a fún lè má gbà á.

Orúkọ ẹni tó ń kà á ló kù. "Afọkànsójúkan" ò bá a mu, aláìsàn gan-an ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wá a.