Oyún oṣù márùn-ún nínú tiréènì àárọ̀ ní London: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Leyton ni mò ń gbé, Holborn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́sàn-án la sì ń wọlé. Central line, ọ̀kan lára àwọn tiréènì abẹ́ ilẹ̀, ni mò ń wọ̀. Èrò inú rẹ̀ láàárọ̀ kọjá sísọ: bí ilẹ̀kùn bá pa dé tí ọwọ́ rẹ wà lókè, òkè náà ni yóò wà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí a ṣe kúrò ní Bethnal Green, òógùn bò mí, òòyì ń kọ́ mi. Àpò ẹ̀yìn ọkùnrin kan ń gún mi níkùn, mo fọwọ́ méjèèjì bo ọmọ mi. Àwọn tó jókòó níwájú mi ń wo fóònù. Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Liverpool Street, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún. Ọ̀gá mi ní kí n máa tètè kúrò nílé. Ọkọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, owó ilé wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Pe agbẹ̀bí rẹ lónìí, sọ ti òòyì yẹn fún un kó o tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, gba báàjì "Baby on Board" tó ń fi hàn pé o lóyún lọ́wọ́ TfL, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú London, ọ̀fẹ́ ni. Àyà kóòtù ni kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n má dúró kí wọ́n rí i o. Kọjú sí ẹnì kan ṣoṣo, sọ pé o lóyún, o fẹ́ jókòó. Oṣù mẹ́ta ni ìtìjú fi pa mí lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀, èèyàn mẹ́ta ló dìde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àǹtí mi, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Stratford, ibùdókọ̀ kan péré sí yín. Ẹ sọdá sí òdìkejì pèpéle, Elizabeth line tó ń lọ sáàárín ìlú ń dúró níbẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan. Èrò wà níbẹ̀ náà, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ gùn ju 200 mítà lọ, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Central line kò ní in. Láti 1900 ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ nínú ihò tóóró yẹn, amọ̀ tó yí i ká ti mu ooru yó. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Tottenham Court Road, kẹ́ ẹ rọra rìn dé Holborn.

Abúlé Òkè: Bí òòyì bá tún dé, ẹ má fa áláàmù láàárín ọ̀nà. Ẹ dúró de ibùdókọ̀ tó kàn, ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ wà. Kí omi má wọ́n nínú báàgì yín.

Mọ́remí: Ti ọ̀gá yẹn ló dùn mí jù. Láti oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìyípadà àkókò iṣẹ́ láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, má fẹnu lásán sọ ọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o lóyún, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ewu tó bá wà fún ẹ lẹ́nu iṣẹ́ wò. Béèrè aago mẹ́wàá àbọ̀. Lẹ́yìn 9:30 owó ọkọ̀ á wálẹ̀, wàá sì ríbi fẹsẹ̀ lé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Agbẹ̀bí ní kí n wá lọ́la. Mo gba Stratford láàárọ̀ yìí, mo sì bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ohùn mi ń gbọ̀n. Ó dìde, ó tún bá mi gbé báàgì mi. Mo ti ń kọ lẹ́tà náà.